Bí Èrò Bá Túká, Kí Ló Kù Nínú Ọdún Ìlú?

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọdún ìlú kan ṣì ní gbòǹgbò, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé kó má wo bí èrò ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ àṣekágbá. Èrò kì í ṣe ẹ̀rí. Olórin kan ṣoṣo lè kó èrò jọ, olóṣèlú náà lè fi ọkọ̀ kó wọn wá láti ibi gbogbo, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, gbogbo wọn á ti fọ́nká. Ohun tó yẹ kí á béèrè ni pé ọrùn ta ni iṣẹ́ wà. Ilé wo ni wọ́n ti ń mú ẹni tó máa gbé igbá jáde? Àdúgbò wo ló ni ìlù, ta ló sì ń tún ọ̀nà ṣe? Ta ló ń ka ọjọ́, ta ló ń wọlé lọ jókòó kí ọdún tó pé, ta sì ni gbogbo ìlú yóò dojú kọ bí nǹkan bá yẹ̀? Ìlú tí a bá ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí láìjanpata, ọdún rẹ̀ kò tíì kú, kódà kó jẹ́ pé àgbà mẹ́ta àti ajá kan ló dúró wò ó.

Ọdún 2020 ló là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí. Àrùn Kòrónà dé, ìjọba ní kí èèyàn má pé jọ, gbogbo ìlú tó ní ọdún lọ́wọ́ sì ní láti pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n fagi lé Ojúde Ọba. Ní Òṣogbo, wọn kò fagi lé ọdún Ọ̀ṣun. Wọ́n ní kí àlejò jókòó sílé, wọ́n fi ètùtù sílẹ̀ fún àwọn tí ó kàn, wọ́n sì ṣe é. Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní ó fi hàn pé ọdún Ọ̀ṣun lágbára ju Ojúde Ọba lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fi hàn ni pé ọdún méjèèjì yàtọ̀ síra láti ìpìlẹ̀. Gbèsè tí ìlú jẹ òrìṣà ni ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí í sọ fún olówó rẹ̀ pé nítorí àlejò kò lè wá, òun kò ní san. Ìkíni ni èkejì: àwọn ọmọ ìlú ń lọ kí ọba wọn, bí àwọn tó fẹ́ kí i kò bá sì lè jáde, kò sí ohun tó kù láti ṣe. Ní ti Ojúde Ọba, èrò gan-an ni ọdún.

Ẹ jẹ́ kí á mú Òṣogbo ṣáájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n rò pé ọjọ́ kan ni ọdún náà, ìyẹn ọjọ́ tí etí odò máa ń funfun fún aṣọ àlà nínú oṣù Kẹjọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń ṣí i: Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, pẹ̀lú àwọn ìjòyè, àwọn olorì àti àwọn olórìṣà á jáde láti ààfin, wọ́n á sì rin òpópónà ìlú láti fi wẹ ọ̀nà mọ́ kúrò lọ́wọ́ ibi. Lójú ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò, kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Èèyàn ń rìn, ìlù ń dún, ó parí. Lẹ́yìn èyí ni alẹ́ iná olójú mẹ́rìndínlógún máa ń kàn. Ọ̀pá irin ni àtùpà náà, ojú rẹ̀ mẹ́rìndínlógún sì tò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Wọ́n á bu epo sí ojú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ti òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á tàn án nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, yóò sì jó mọ́jú. Àtáọ́ja á jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn ìjòyè. Ijó ọba yìí ni gbogbo ayàwòrán ń sáré sí. Èmi a máa ro ti ẹni tó dúró ti iná, nítorí iná tó bá máa jó mọ́jú, ẹnì kan ní láti máa bu epo sí i nígbà tí ọba ti wọlé tí onílù ti sùn lọ. Ìborìadé tó máa ń tẹ̀ lé e náà kò ní ariwo púpọ̀: wọ́n á kó adé àwọn Àtáọ́ja tó ti wàjà jọ, wọ́n á sì bọ wọ́n, kí ọba tó wà lórí oyè má baà rò pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ìlú.

Ọjọ́ Arugbá ni gbogbo ayé mọ̀. Wúńdíá ni, ilé ọba ni wọ́n ti ń mú un, Ifá ló sì ń yàn án. Igbá ẹbọ gbogbo ìlú ni wọ́n á gbé lé e lórí, wọ́n á fi aṣọ bò ó, yóò sì rìn láti ààfin títí wọ inú igbó Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá láǹfààní láti dúró ní ibi tó máa gbà kọjá, ẹ fi orin àti ìlù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kọsẹ̀. Àwọn tó yí i ká mọ èyí, wọ́n sì so ọwọ́ pọ̀ bí ọgbà, wọ́n ń fi èjìká ti èrò sẹ́yìn, wọ́n ń wo ilẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń wo iwájú lọ, nítorí òkúta kékeré tàbí ike omi tí ẹnì kan jù sílẹ̀ láìronú lè di ọ̀rọ̀ tí ìlú yóò máa sọ títí di àmọ́dún. Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń ké àdúrà wọn sí i bó ṣe ń lọ: ọmọ, àlàáfíà, ọjà títà. Kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ojú rẹ̀ a máa rí bí ojú ẹni tó ń ronú ọ̀rọ̀ kan tó jìnnà sí ibẹ̀, ó sì jọ mí lójú pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Àmọ́ ìrìn yẹn kọ́ ni iṣẹ́ Arugbá jù. Iṣẹ́ rẹ̀ jù ni gbogbo oṣù tí kò sí kámẹ́rà, tí ó ní láti pa ara rẹ̀ mọ́, tí ó ń gbọ́ràn sí àwọn ìyá ọlọ́ṣun lẹ́nu, tí àwọn ojúgbà rẹ̀ sì ń ṣe ohun tí òun kò lè ṣe. Bí ó bá tó àkókò láti lọ ilé ọkọ, yóò sọ igbá kalẹ̀, wọ́n á sì tún bi Ifá nípa ọmọ mìíràn. Èyí já sí pé nínú ìran kan ní ìlú kan, àwọn òbí ní láti wà tí wọ́n gbà pé ọmọbìnrin àwọn lè ṣe èyí láyé tí a wà yìí, kó máa lọ sí ilé ìwé bí ọmọ yòókù, kó sì tún máa ru gbogbo ìlú. Ìpinnu òbí bẹ́ẹ̀ ni ọdún Ọ̀ṣun dúró lé lórí. Iye àlejò tó wá láti Brazil tàbí Kúbà kò lè rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kí wíwá wọn dùn mọ́ wa nínú tó.

Igbó tí ó ń lọ yẹn náà ní ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ mi mu. Hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin ni igbó náà, àjọ UNESCO sì fi í sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Bí kò bá sí ọwọ́ àwọn kan tó dá sí i láti nǹkan bí 1957, ó ṣeé ṣe kó ti di ilẹ̀ tí wọ́n ń tà. Susanne Wenger, tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n bí i ní Austria ní 1915, ó dé Nàìjíríà ní 1950, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Òun pẹ̀lú àwọn bíríkìlà, àwọn agbẹ́gilére àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà ni wọ́n tún àwọn ojúbọ tó ti ń wó kọ́, tí wọ́n sì mọ àwọn ère ńláńlá tí a ń rí níbẹ̀ lónìí. Òyìnbó púpọ̀ ló ti wá wo ọdún Ọ̀ṣun tí kò sí ẹni tó rántí orúkọ wọn. Ti Àdùnní yàtọ̀ nítorí pé ó gba ẹrù rù.

Ojúde Ọba kò jọ èyí rárá. Kì í ṣe ọdún àtayébáyé, èyí sì wà lára ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀, nítorí a mọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ìsìláàmù ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fàyè gba àwọn tó gba ẹ̀sìn náà láti máa ṣe é láìsí ìdíwọ́, àwọn náà sì sọ ọ́ di àṣà láti máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba. Títí di òní, ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ń ṣe é. Balógun Kúkù, olówó àti jagunjagun, ni ìtàn máa ń dárúkọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó tó di mùsùlùmí, ọdún Ọdẹdá ni ó fi máa ń gbé ọlá àti agbo ilé rẹ̀ jáde. Ẹ̀sìn tuntun kò jẹ́ kó lè ṣe ìyẹn mọ́, ó sì wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi máa gun ẹṣin jáde tìlùtìlù pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ kí ọba. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà fi ìsìn kan sílẹ̀, kò fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni wọ́n gbé ọdún náà ró. Ọjọ́ orí ló ń pín wọn: àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mélòó kan síra ló ń ṣe ẹgbẹ́ kan, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Gbọ́baníyì wà, Bọ́bakẹ́yẹ wà, Bọ́bagbìmọ̀ wà, Àrọ́bayọ̀ wà, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ètò yìí ti wà tipẹ́ ní Ìjẹ̀bú, àmọ́ ìgbà Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà ló tún jí pépé. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọdún náà níbi tó ti gbóná jù, kó má dúró de ọjọ́ kẹta Iléyá. Kó wọ àárín ẹgbẹ́ kan ní oṣù mélòó kan ṣáájú, nígbà tí wọ́n bá ń jà lórí àwọ̀ aṣọ. Lórí WhatsApp ni ìjà náà máa ń wáyé báyìí. Ẹnì kan á ní àwọ̀ ewé ló bá òun lára mu, ẹlòmíràn á ní àwọ̀ ewé ni ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn mú lọ́dún tó kọjá, ṣé wọ́n fẹ́ kí àwọn àbúrò máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni? Akápò á máa dárúkọ àwọn tí kò tíì sanwó, ẹni tí wọ́n dárúkọ á bínú kúrò lórí ìkànnì, wọ́n á tún lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà. Aránṣọ á ní aṣọ yóò jáde lọ́jọ́ Ẹtì, kò sì ní sọ Ẹtì wo ni. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá máa di ọjọ́ ọdún, agbádá ti gún régé, gèlè ti dúró, ìpèlé wà léjìká, iyùn wà lọ́rùn, wọ́n á sì máa jó lọ síwájú ọba lẹ́sẹẹsẹ, ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé èkejì, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀.

Ohun tí àlejò kì í tètè rí nínú ìtò yìí ni pé wọ́n ń ka ara wọn. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi ń ka oṣù sẹ́yìn kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ ọdún náà ń yí, nítorí òṣùpá ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń dáwó iṣẹ́ ìlú, òun náà ló ń sin òkú ọmọ ẹgbẹ́, tó ń ṣe ìyàwó fún ọmọ ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá ní aṣọ lásán ni wọ́n ń wọ̀ ká, ẹni náà kò tíì bá wọn ṣe ìpàdé rí.

Síbẹ̀, mo ní ohun kan láti bá wọn sọ. Aṣọ ẹgbẹ́ tí ó yẹ kó fi gbogbo wọn ṣe ọ̀kan ti ń di ògiri ní àwọn ibì kan. Mo mọ obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e lọ́dún kan, tí ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ara òun kò yá, tí ó sì jókòó sílé tí ó ń wò wọ́n lórí fóònù. Ẹgbẹ́ tó bá lóye iṣẹ́ ara rẹ̀ yóò ní àpò kan tí a óò ti máa gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, láìsọ orúkọ rẹ̀ lójú agbo. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń ṣe é. Ó yẹ kí gbogbo wọn ṣe é.

Ti ẹṣin, ayé ti mọ̀ ọ́n. Àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní 2024, pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ àti sìgá, tàn ká gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, láti ìgbà náà sì ni àwọn kan ti rò pé ìdíje ìmúra ni Ojúde Ọba. Kò burú, àwòrán náà dára gan-an. Kí á kàn rántí pé àwọn ìdílé Balógun ni wọ́n ń gun ẹṣin náà jáde, ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn onílù tirẹ̀ àti ìró ìbọn tirẹ̀, tí wọ́n ń fi han ọba pé àwọn ọmọ àwọn tó jagun fún ìlú ṣì wà. Ọba Adétọ̀nà tí wọ́n ń kí gorí ìtẹ́ ní 1960, ó sì wàjà ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje 2025, oṣù kan lé díẹ̀ lẹ́yìn ọdún ti 2025. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni kò kí Awùjalẹ̀ mìíràn rí kí ó tó wàjà.

Ọ̀nà kẹta kan wà tí ìlú ń gbà ṣe ọdún, òun ni mo rò pé a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó: èèwọ̀. Ní Ọ̀wọ̀, bí ọdún Igogo bá dé nínú oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀ sì pọ̀ tó ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọn kì í lu ìlù, agogo ni wọ́n ń lù. Wọn kì í yìnbọn. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á di irun orí rẹ̀, á sì wọ aṣọ bí obìnrin, pẹ̀lú iyùn àti ìlẹ̀kẹ̀, ní ìrántí Ọ̀rọnsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Ìtàn rẹ̀ ni pé kì í ṣe ènìyàn lásán, ó sì ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kò gbọ́dọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀, ẹni tó ti oko dé kò sì gbọ́dọ̀ sọ ìdì igi sílẹ̀ gbì níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ gbìmọ̀, wọ́n ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì sá kúrò láàfin. Wọ́n ní gèlè rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Igbó Ọláàjà bí wọ́n ṣe ń lé e. Ibẹ̀ gan-an ni Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, ti wa ilẹ̀ ní 1971, tí ó sì rí àwọn ère amọ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ohun tí mo rí nínú Igogo ni pé èèwọ̀ ló ń fún gbogbo ìlú ní ìpín. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè jẹ́ ìjòyè, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló wà ní ìdílé tó ń ṣe ètùtù, àmọ́ kò sí ẹni tí kò lè ṣí fìlà. Oníṣòwò tó ti Kánò wá, tíṣà tí ìjọba gbé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, awakọ̀ tó kàn ń kọjá, bí wọ́n bá ti ṣí orí wọn sílẹ̀, wọ́n ti wọ inú ọdún náà. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn jọ bẹ́ẹ̀: wọn kì í dáná lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oúnjẹ tútù ni wọ́n ń jẹ, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa fi orin èébú ko ara wọn lójú ní ìgboro láìsí ẹni tó lè pè wọ́n lẹ́jọ́, títí tí Abọkẹ́, olórí abọrẹ̀ Òkèbàdàn, fi máa parí ètùtù. Lóde òní, gáàsì ti ba èèwọ̀ iná jẹ́ díẹ̀, nítorí kì í rú èéfín tí aládùúgbò lè rí. Àwọn kan ń ti ìlẹ̀kùn dín ẹyin wọn. Ìlú kò lè wọ ilé lọ mú wọn, n kò sì rò pé ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tún bá wa sọ pé àwọn náà ṣe ọdún.

Ti Ilé-Ifẹ̀ kò ní pẹ́. Kí ọdún Ọlọ́jọ́ tó pé, Ọ̀ọ̀ni á wọlé fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìfojú kan ẹnikẹ́ni, kí ó tó jáde pẹ̀lú adé Àrè tí kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, tí yóò sì lọ sí Òkè Mògún láti bọ Ògún. Gbogbo ènìyàn ń dúró de adé. Ohun tí mo ní kí ẹ wò ni ti àwọn obìnrin ilé ọba tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá gbogbo igun ààfin, tí wọ́n ń gbá ibi dànù ṣáájú ìgbà náà. Kò sí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láti wo obìnrin tó ń gbálẹ̀. Bí wọn kò bá gbá a, adé kì í jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé àṣà lọ̀tọ̀, ẹ̀sìn lọ̀tọ̀, kí ara lè tù wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. A kò lè yọ Ọ̀ṣun kúrò nínú ọdún Ọ̀ṣun kí á ní ó kù. Ó dára kí á sọ òótọ́: ètùtù wà níbẹ̀, àwọn tó gbà á gbọ́ ló ń ṣe é, ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò sì gbà á kò gbọ́dọ̀ díbọ́n. Àmọ́ ẹni náà lè gba àlejò sílé, ó lè dáwó fún ìlù, ó lè gbá iwájú ilé rẹ̀, ó lè pa èèwọ̀ mọ́ nítorí aládùúgbò rẹ̀. Bákan náà ni àwọn kìrìsìtẹ́nì Ìjẹ̀bú ń jó nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ní ọdún tí Iléyá bí, tí Lèmọ́mù àgbà ń gbàdúrà lé gbogbo wọn lórí, kò sì sí ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ti àwọn ọdún tó ń ti obìnrin mọ́lé, bíi ti Orò, èrò mi ni pé kí ìlú kéde ọjọ́ àti wákàtí ní kedere, kí wọ́n ṣe é lóru, kí wọ́n má sì dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Òru lọ̀pọ̀ ìlú ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Àwọn onígbọ̀wọ́ náà ti dé, owó wọn sì wúlò, mi ò ní purọ́. Ọ̀nà tó ya, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò, ọkọ̀ aláìsàn, ẹnì kan ní láti sanwó wọn. Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni ti àkókò. Kí wọ́n ra àyè fún pátákó ìpolówó, ó dára. Kí wọ́n má ra ètò. Ọdún tí ẹni tó ń gbé ẹrù ìlú bá ń dúró kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí gbohùngbohùn, wọ́n ti yí orí rẹ̀ padà sí ìsàlẹ̀. Bákan náà, inú mi dùn pé àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú ìwé àjogúnbá ní 2023, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé kì í kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń lu bàtá.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí dá lórí pé ìdílé, ẹgbẹ́ àti àdúgbò lè dá ọdún wọn gbé. Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá agbára wọn, òun ni omi. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, odò Ọ̀ṣun ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹrẹ̀, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò lọ́nà àìtọ́ ni wọ́n sì dá lẹ́bi jù. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún pé kí wọ́n má mu omi náà. Àwọn kan mu ún síbẹ̀, wọ́n wẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bù ú lọ sílé fún àwọn ọmọ, nítorí omi yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Arugbá lè pa ara rẹ̀ mọ́ lọ́dún kan gbáko, Àwòrò, abọrẹ̀ Ọ̀ṣun, lè ka ọjọ́ láìṣìṣe, kò sí èyí tó lè lọ dá ẹni tó ń wa ilẹ̀ lókè dúró nínú wọn. Ìjọba nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Títí wọn yóò fi ṣe é, ohun tó kéré jù tí mo rò pé ó yẹ ni pé kí wọ́n máa yẹ omi náà wò kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, gàdàgbà-gadagba, sí ẹnu ọ̀nà igbó, níbi tí ìyá tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání yóò ti kà á kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò.